Òkèlè Tí A Fi Dí Ẹ̀jẹ̀ Ehoro Lẹ́nu

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ funfun. Mi ò wí pé kò pọ́n dáadáa. Ó funfun. Nígbà tí wọ́n fà á, ó jáde bí ọbẹ̀ ata tí wọ́n da mílíìkì lé lórí. Nígbà tó wá dúró díẹ̀ nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gbà á, ó pín sí méjì: pupa rẹ̀ sùn sísàlẹ̀, funfun kan tó nípọn sì léfòó lókè, ó ń dán bí ojú ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Èmi ni mo máa ń fọ àwọn ìgò yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí mo ti fọ̀ kúrò lára ìgò kí ọjọ́ náà tó dé kò níye, kò sì sí èyí tó bà mí lẹ́rù rí. Títí di òní, bí mo bá lu agolo mílíìkì, mo máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó dà á.

Ilé ìwòsàn kan ní Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bàbá wa ti kú kí n tó ka ìwé mẹ́fà tán, ìwé tí mo kà kò sì lè gbé mi kọjá ìdí ìkòkò omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kò gba ọ̀rọ̀. Láti kékeré ni ohùn mi kì í ti í jáde níwájú ènìyàn. Bí ẹni tó jù mí lọ bá bi mí ní nǹkan, ìka ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń wò. Ọ̀gá tó ń ṣe àyẹ̀wò, ọkùnrin Adó kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ló sọ mí ní Ìyàwó Ìgò.

"Ìyàwó Ìgò, ọkọ ti mọ́ àbí kò tíì mọ́?"

"Ó ti mọ́, sà."

"Ìgò ló yẹ ọ́ lóòótọ́. Òun náà kì í fọhùn àfi tó bá já bọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Ìgèdè, nílé ọkọ. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Yèyé ni gbogbo wa máa ń pe ìyá náà. Ọkọ fúnra rẹ̀ wà ní òkè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń la títì, Kérésìmesì nìkan ló máa ń gbé e wálé. Kérésìmesì tó tẹ̀lé ìbí ọmọ náà, inú pálọ̀ ìyá rẹ̀ ló sùn títí ó fi padà, nítorí ìyàwó ń fọ́mọ lọ́mú. Yèyé ló tẹ́ ẹní fún un fúnra rẹ̀. Mo ní láti kọ èyí síbí, nítorí orí ẹní yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé.

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Ó sanra nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké tó bá ti mu ọmú tán, igbe tí kì í ṣe ti ebi. Á ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ikùn rẹ̀ á le bí òkúta. Nǹkan wínníwínní kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú yọ sí i ní ìdí àti ní ìgbọ̀nwọ́, bí ẹni fi ọkà bàbà lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n fi àgbo wẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, wọ́n fún un ní omi mímọ́ mu. Nígbà tí kò gbọ́, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé e wá sí Adó, Yèyé sì tẹ̀lé e.

Wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ yàrá wa, nítorí náà ojú fèrèsé ni Yèyé dúró sí. Ọ̀gá gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rò pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà ló pariwo.

"Yéè! Ẹ wá wo nǹkan! Omi ọmú ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí o!"

Kò ní nǹkan búburú lọ́kàn. Ohun tó rí ló sọ. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí ojú Yèyé ní fèrèsé, mo sì rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára.

Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ìyàwó tuntun nípa ọmú. Obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ kì í sún mọ́ ọkùnrin títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. Wọ́n ní ti ọkùnrin á dà pọ̀ mọ́ ọmú, ọmú á bàjẹ́, ọmọ tó bá mu ún á máa rù, ikùn rẹ̀ á máa wú, á máa ké láìdákẹ́. Gbogbo ohun tó ń ṣe ọmọ náà nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí Yèyé ti ń fura. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan tó wọ aṣọ funfun sọ ọ́ síta pé òun fi ojú rí omi ọmú náà. Ọkọ sì wà ní òkè Ọya. Bí kì í bá ṣe ọkọ, ta wá ni?

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé nínú mọ́tò tí wọ́n wọ̀ padà sí Ìgèdè, Yèyé kò pariwo. Ó gbé ọmọ lé itan ara rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí.

"Ìyàwó, ta ni?"

"Ta ni kí ni, Yèyé?"

"Mi ò bínú. Ọmọ ni mo fẹ́. Dárúkọ rẹ̀, kí ọmọ ó lè yè."

Wọn kò fẹ́ lé e kúrò nílé. Ì bá sàn bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ lé e. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n gbà pé obìnrin tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́wọ́, ọmọ rẹ̀ á yè. Èyí tó bá pa ẹnu mọ́, ọmọ á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti gbọ́ ọ, bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé òun kò ṣe nǹkan kan, ó sì gbà pé ìjẹ́wọ́ nìkan ló lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn. Inú àárín méjèèjì yìí ló ń gbé. Bí ọmọ bá ké, Yèyé á wo ojú rẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan.

Dókítà obìnrin kan wà tó máa ń ti yunifásítì wá sọ́dọ̀ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lára wa.

"Ẹ̀yin Èkìtì tí ẹ ń pe iṣu ní uṣu, ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, kí lẹ ń pè é?"

"Ẹ̀jẹ̀ náà ni, Dókítà," ọ̀gá á dá a lóhùn. "Ìyẹn là ń pè bí tiyín kẹ́ ẹ lè rí i rù lọ sí yunifásítì."

Nígbà tó rí ìgò ọmọ náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní òun ti kà nípa irú rẹ̀, òun kò rò pé òun máa fi ojú òun rí i. Ó ní kì í ṣe omi ọmú, ọ̀rá ni. Ọ̀rá inú oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni bá jẹ máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, nǹkan kan sì wà lára wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú u, kó pín in fún ẹran ara. Bí nǹkan náà kò bá sí, ọ̀rá á jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, á máa pọ̀ sí i, bí epo ṣe ń léfòó sójú ọbẹ̀.

"Wọ́n bí i bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Bí ó bá jẹ́ ohun tí mo rò."

Nítorí "bí ó bá jẹ́" yẹn, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi àti Yèyé tún gbé ọmọ wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun náà sì gbé fúláàsì ńlá kan tí yìnyín kún inú rẹ̀ wá nígbà tó padà dé. Ìgò méjì ló kó jáde nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni omi ẹ̀jẹ̀ ehoro. Èkejì kò tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù, omi inú rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba tí ènìyàn lè fi tọ́ ahọ́n wò. Dókítà ní inú mílíìkì màlúù ni wọ́n ti yọ èyí tó wà nínú kékeré náà. Nǹkan tó ń tú ọ̀rá lára ènìyàn, irú rẹ̀ wà nínú mílíìkì màlúù. Wọ́n fi gún ehoro lábẹ́rẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ ehoro fi mọ̀ ọ́n bí ọ̀tá. Níbikíbi tó bá ti tún bá irú rẹ̀ pàdé, á dì mọ́ ọn.

Ọ̀gá rí i pé mo ti dá omi dúró, pé mo ń gbọ́. Ó yíjú sí mi.

"Ìyàwó Ìgò, jẹ́ kí n là á yé ọ. Ẹ̀jẹ̀ ehoro yìí ni ẹni tí ebi ń pa. Oúnjẹ kan ṣoṣo ló mọ̀ jẹ láyé. Bí o bá kọ́kọ́ mú òkèlè oúnjẹ yẹn, tí o fi dí i lẹ́nu, tí o wá gbé irú rẹ̀ síwájú rẹ̀, ṣé á tún lè jẹ ẹ́?"

"Rárá, sà. Ẹnu rẹ̀ ti kún."

"Tó bá tún jẹ ẹ́ ńkọ́?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Dókítà ló bá mi dáhùn.

"A jẹ́ pé kì í ṣe ohun tó ní òun ń jẹ ló ń jẹ. A jẹ́ pé irọ́ ló ti ń pa fún wa láti ọjọ́ yìí." Ó gbé ìgò kékeré náà sókè. "Èmi kì í gba ohunkóhun gbọ́ títí n ó fi dí i lẹ́nu wò."

Ọ̀gá ti se nǹkan kan tó ń dì bí ẹ̀kọ ṣùgbọ́n tó mọ́ gaara, ó ti dà á sínú àwo pẹlẹbẹ méjì. Wọ́n lu ihò sí i, ọ̀kan láàárín, àwọn yòókù yí i ká. Ẹ̀jẹ̀ ehoro ni wọ́n fi sí àárín. Ní ti àwọn tó yí i ká, ọ̀kan gba omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ọ̀kan gba ti ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà ní òun tún fẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọ̀gá nawọ́ sí mi, mo sì ká apá aṣọ mi sókè. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti kọ́kọ́ gún ní abẹ́rẹ́ kan tó ń lé nǹkan tó ń tú ọ̀rá náà jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ehoro bá rìn nínú ẹ̀kọ náà tó pàdé ohun tó ń wá, ìlà funfun kan á fà sí ibi tí wọ́n ti pàdé. Nínú àwo kejì, wọ́n ti po òkèlè, ìyẹn omi inú ìgò kékeré náà, mọ́ ẹ̀jẹ̀ ehoro kí wọ́n tó dà á sí i. Wọ́n bo méjèèjì, wọ́n gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ìlà náà kì í tètè fà.

Kí Dókítà tó lọ, ó pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kó dá ọmú dúró lọ́jọ́ náà gan-an, torí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ epo, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀gúsí, kò gbọdọ̀ jẹ òróró. Ó fún un ní mílíìkì ẹlẹ́bu tí wọ́n ti yọ ọ̀rá inú rẹ̀, ó ní kó máa fi ẹ̀kọ àti ewébẹ̀ tí a fi omi lásán sè kún un.

Yèyé gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo.

"Ṣé ẹ rí i? Dókítà gan-an ti mọ̀ pé ọmú yẹn ti bàjẹ́."

Dókítà kò gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ó rò pé ìyá àgbà náà ti gba òun gbọ́, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo lọ sí Ìgèdè lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń fún ọmú rẹ̀ dànù sílẹ̀. Ọmú náà ti wú, ó ń dùn ún, bó sì ṣe ń fún un ni adìẹ ń ṣa ilẹ̀ tó tutù náà jẹ. Kò gbójú wò mí.

"Mo ti dárúkọ ẹnìkan," ó ní.

"Orúkọ wo?"

Ó dárúkọ rẹ̀. Káfíńtà kan ni, tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà tó lọ sí ọjà. Ọmọ Ijan ni, kò tíì gbéyàwó. Pákó ya lù ú láti orí lọ́rì nígbà òjò, wọ́n sì ti sin ín.

"Ẹni yẹn ti kú!"

"Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá dárúkọ ẹni tó wà láàyè, wọ́n á lọ bá a jà, ìyàwó rẹ̀ á wá bá mi jà. Ta ni wọ́n fẹ́ lọ bá ní itẹ́ òkú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ bá a sọ̀rọ̀ rí?"

"Ó kan àpótí ìjókòó kan fún mi." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Ọmọ kò ké láti àná."

Òótọ́ ni. Ọmọ náà wà lórí ẹní, ó ń fi ọmọrí ìkòkò ṣeré. Ìlera àti ìjẹ́wọ́ ti jọ wọ ilé náà pa pọ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tó kọ́kọ́ wọlé.

Yèyé wá di ẹni jẹ́jẹ́ sí i. Ohun tó burú jù nìyẹn. Ó ń bu omi ìwẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ń pè é ní "ìyàwó mi àtàtà," ó ń sọ fún un níwájú àlejò pé òun ti dárí jì í. Àwọn obìnrin àdúgbò ń wá kí wọn, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu tí wọ́n bá ti jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kò gba ojú ọ̀nà ọjà mọ́. Ó sọ fún mi pé òun ń gbọ́ tí wọ́n ń fá pákó nínú ṣọ́ọ̀bù náà, bẹ́ẹ̀ àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí ọmọ bá sì wo ẹnu ọ̀nà níbi tí kò sí ẹnìkankan, tó rẹ́rìn-ín, Yèyé á sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ síbẹ̀ pé, "O ti rí i pé ó ń yá. Máa lọ wàyí, máa lọ sinmi." Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Èmi náà wo ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Dókítà padà wá, wọ́n ṣí àwo méjèèjì. Nínú èyí tí ebi ń pa, ìlà kan wà níwájú ihò ẹ̀gbọ́n mi, ìlà kan wà níwájú tèmi, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Níwájú ihò ọmọ náà, kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ mọ́ gaara. Mo ti rí òkú nílé ìwòsàn yẹn, mo ti bá wọn gbé ìbùsùn òkú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe mí bí ibi mímọ́ yẹn ṣe ṣe mí. Nínú àwo kejì, gbogbo rẹ̀ ló mọ́. Ìlà ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, tèmi ti lọ.

"Òkèlè ti dí i lẹ́nu," Dókítà ní. "Ìlà tòótọ́ ni ti ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ yìí ni kò ní in." Ó ní àìsàn náà kì í ti ọwọ́ ẹnìkan wá. Ìyá gbé díẹ̀ wá, bàbá gbé díẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé òun rù ú. Kò sí ọmú tó bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìgèdè fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó di ọwọ́ mi mú títí ó fi dùn mí.

"Má sọ ọ́ fún Yèyé. Mo bẹ̀ ọ́. Bí mo bá gba ọ̀rọ̀ mi padà, tí ọmọ tún dùbúlẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ojú mi rí i."

"Ìwọ rí ìlà. Èmi ni mo gbé ọmọ sẹ́yìn."

Mo dákẹ́. Kò ṣòro fún mi láti dákẹ́.

Yèyé yan ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́, n kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìdúpẹ́, ó gún iyán, ó se ẹ̀gúsí tí epo rẹ̀ ń ṣàn yí àwo ká, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọmọ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń pín oúnjẹ fún àlejò. Ní ojú tirẹ̀, kí ló tún kù tí ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ? Wọ́n ti jẹ́wọ́. Ọmú ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ kó lágbára.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo gbọ́ igbe náà kí n tó dé àgbàlá. Ọmọ ti ká jọ bí èèpo ẹ̀pà, ó ń bì, ètè rẹ̀ ti funfun. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Yèyé jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀gbọ́n mi.

"Ó ku ẹnìkan," ó ní. "Ìyàwó, ó ku ẹnìkan tí o kò dárúkọ."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. Ó ń wo ara ògiri, ojú rẹ̀ ń lọ láti ìhín dé ọ̀hún, mo sì mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń wá òkú mìíràn. Ó ń rìn káàkiri Ìgèdè nínú ọkàn rẹ̀, láti ojúlé dé ojúlé, ó ń wò ó bóyá ọkùnrin kan tún ti kú níbẹ̀ tí òun lè lò.

Ohùn kan ní, "Yèyé, kí lẹ fún un jẹ?" Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohùn mi ni.

"Kí ni mo fún un jẹ báwo? Oúnjẹ ìdúpẹ́ ni."

"Ṣé epo wà níbẹ̀?"

"Ọbẹ̀ wo ni kì í ní epo? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má bínú, Yèyé. Epo yẹn ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ báyìí. Kò sí ẹnìkan tó kù. Kò sí ẹnìkankan rí. Mo fi ojú ara mi rí i. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Adó, ẹ ó fi ojú yín rí i. Bí mo bá purọ́, ẹ lé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jáde pọ̀."

N kò lè dá ọ̀rọ̀ dúró mọ́. Mo sọ nípa ehoro, mo sọ nípa òkèlè, mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mi ò rò pé Yèyé gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ohun tó ń wò ni ẹnu mi, pé ó ń ṣí tó sì ń pa dé.

"Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀," ó ní. Ó dìde, ó wá gèlè rẹ̀.

Wọ́n dá ọmọ náà dúró sílé ìwòsàn. Lọ́tẹ̀ yìí, Dókítà kò jẹ́ kí Yèyé dúró ní fèrèsé. Ó mú un wọlé, ó gbé ìgò náà fún un lọ́wọ́. Funfun inú rẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Epo tí ẹ fún un nìyí, Ìyá," ó ní. "Ẹ dúró tì wá. Ẹ má fún un ní nǹkan kan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un." Yèyé dúró. Orí bẹ́ǹṣì ló ń sùn. Ó ń wo ohun tí wọ́n ń fún ọmọ bí ẹní ń ṣọ́ olè. Nígbà tí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀, funfun rẹ̀ ti kù bí èéfín. Nígbà tí wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, pupa ni. Kò sì sí ẹni tó jẹ́wọ́ nǹkan kan láàárín ìgbà náà.

Yèyé di ìgò pupa yẹn mú fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ó máa sunkún, tàbí pé ó máa bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tó bi wá ni, "Ọmọ ọlọ́mọ tó ti kú ńkọ́?"

Ó rọra gbé ìgò náà sórí bẹ́ǹṣì.

"Mo ti gbé orúkọ rẹ̀ kiri gbogbo Ìgèdè," ó ní. "Mo ń lé e jáde nílé mi lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò wá rí."

Nígbà tí wọ́n tú ọmọ sílẹ̀, a kò kọ́kọ́ lọ sílé. Ijan ni a lọ. Ìyá káfíńtà náà wà lẹ́yìn ilé, ó ń ya àgbàdo kúrò lára kùkù rẹ̀ sínú igbá. Obìnrin tó tín-ín-rín ni. A kúnlẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Yèyé náà fẹ́ kúnlẹ̀, obìnrin náà ní kó má dán an wò, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Yèyé sọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò fi ọ̀kan bò. Ó ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọmọ rẹ̀, òun sì máa rìn láti ojúlé dé ojúlé ní Ìgèdè láti gba ọ̀rọ̀ náà padà.

Obìnrin náà kò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Àgbàdo ń já sínú igbá.

"Mo ti gbọ́ ọ," ó ní. "Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ ọjà. Inú bí mi, mo fẹ́ wá sí Ìgèdè wá fa aṣọ rẹ ya." Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá wí. "Nígbà tó yá, mo jókòó síbí, mo ní, háà. Ọmọ mi kò gbéyàwó. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ àfi ayùn àti òòlù. Mo ní, a jẹ́ pé ẹnìkan tiẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín rí. Mo ti ń fi ìyẹn jẹun díẹ̀díẹ̀." Ó gbé kùkù mìíràn. "Ẹ̀yin wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún. Mo rò pé á gba ọ̀rọ̀ padà lẹ́ẹ̀kejì, pé á tún fún obìnrin náà ní irọ́ náà. Mo rí i pé ó rò ó. Ọmọ jí lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ sí igbá àgbàdo.

"Ìyá, ẹ má bínú," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Kò sí nǹkan kan láàárín wa."

"Mo ti gbọ́. Kò kí ọ rí ni?"

"A máa kí mi. Bí mo bá gbé ọmọ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù."

"Kí ló máa ń sọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi nu imú. "Á ní, 'Ìyá ọ̀gá mi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá mi tẹ ìṣó o. Ẹ gba ibi tó mọ́ yìí.' Á wá fi ẹsẹ̀ gbá èérún pákó kúrò lójú ọ̀nà fún wa."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró.

"Ọ̀gá mi," ó ní. "Ọmọ ọwọ́ ló ń pè ní ọ̀gá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé igbá kúrò lórí ẹsẹ̀, ó fi ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ tẹ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi lè jókòó síbẹ̀.

"Tún un sọ," ó ní. "Sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́."